Aṣọ Méje Nínú Àpò Kan

Màámi ọ̀wọ́n,

Mi ò kọ lẹ́tà sí yín rí. Nígbà tí ẹ wà láyé, a ò jìnnà síra débi tí a ó máa kọ lẹ́tà, àfi ìgbà tí èmi bá mọ̀ọ́mọ̀ jìnnà. Inú tó ń bí mi ni mo fi mú bírò nírọ̀lẹ́ yìí. Inú aṣọ ń bí mi, inú ara mi ń bí mi, bí ẹ ò bá sì ní ka ẹ̀ṣẹ̀ sí mi lọ́rùn, inú ẹ̀yin náà ń bí mi díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó dùn. Mo ti ríṣẹ́ o. Kì í ṣe iṣẹ́ dídi páálí ní iléeṣẹ́ bisikíìtì tí mo ti wà láti ìgbà tí mo ti jáde ní Poli. Yunifásítì tuntun kan ló gbà mí sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń tọ́jú fáìlì àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀la, ọjọ́ Ajé, ni màá bẹ̀rẹ̀, oṣù mẹ́ta ni wọ́n sì máa fi wò mí ná. Bí ẹ bá rí Ọ̀tà báyìí, ẹ lè ṣìnà. Ibi tí wọ́n ń kó símẹ́ńtì sí lẹ́yìn ilé wa ti di ṣọ́ọ̀ṣì. Oko ẹ̀gẹ́ tí a máa ń gbà kọjá lọ pọn omi ti di ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n kùn ún ní pupa. Ní àárọ̀, bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ àti bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì a máa du ọ̀nà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ lábẹ́ bíríìjì Ṣàngó.

Ìwé tí wọ́n fi gbà mí sí iṣẹ́ yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀. Ojú ìwé kan gbáko, ọ̀rọ̀ aṣọ ni. Obìnrin ò gbọdọ̀ wọ ṣòkòtò. Síkẹ́ẹ̀tì gbọdọ̀ kọjá orúnkún. Aṣọ gbọdọ̀ bo èjìká. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ kò bá bójú mu, láti géètì ni wọ́n ti máa dá a padà, wọn á sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Kí sì ni mo ní? Ofaróòlù iléeṣẹ́, áńkárá méjì, àti àwọn tí-ṣẹ́ẹ̀tì onírúurú tí ṣọ́ọ̀ṣì fún wa, tí wọ́n kọ àkọlé ìsọjí sí láyà. Mo wá rò ó pé aṣọ díẹ̀ ni kí n wá, kí gbogbo wọn máa bá ara wọn lọ, kí n lè máa pa wọ́n dà láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Òkìrìkà, irú aṣọ àlòkù tí ẹ̀yin ń tà, ni agbára mi sì gbé.

Ẹ rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ẹ máa rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo sọ fún gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Poli pé ìyá mi ní ṣọ́ọ̀bù! Èmi tí mo máa ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ kí ó tó dé ìsọ̀ yín, tí màá gba ẹ̀yìn gáréèjì lọ sílé kí ẹnikẹ́ni má baà rí yín kó pè mí ní ọmọ oní-bẹ̀rẹ̀-kó-o-ṣà. Ẹ ò bi mí rí ìdí tí mo fi ń gba ẹ̀yìn. Ṣé ẹ mọ̀? Mo rò pé ẹ mọ̀.

Mo lọ sí ọjà ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Màámi, ìyà jẹ mí. Àwọn tó dára nínú aṣọ kì í dé ilẹ̀ mọ́, orí hángà ni wọ́n ń kọ́ wọn sí, ẹni tó ń tà á á sì máa wò ẹ́ bí ẹni pé o fẹ́ jí i. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ṣà, ẹ̀yìn ń dùn mí. Mo rántí ọwọ́ yín. Mo rántí pé ẹ máa ń yí aṣọ sí òdì, ẹ ó na abíyá rẹ̀ sí oòrùn, ẹ ó fa sípù lọ, ẹ ó fà á bọ̀. Àmọ́ kí lẹ ń wò nínú oòrùn yẹn? Mi ò bèèrè rí. Mo ra ṣẹ́ẹ̀tì funfun mẹ́ta àti síkẹ́ẹ̀tì dúdú méjì, nítorí mo rò pé dúdú àti funfun ò lè bá nǹkan kan jà. Mo tiẹ̀ ń yangàn bọ̀ wálé.

Ní ọjọ́ kejì mo wọ ọ̀kan lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láti fi dánra wò. Mi ò tíì jókòó tí màmá kan fi di ọwọ́ mi mú.

"Ọ́ṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá àga tí fáànù ti máa kàn mí."

Mo wo apá ọ̀tún, mo wo apá òsì. Gbogbo àwọn tó ń fi ìjókòó han èèyàn ló wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti síkẹ́ẹ̀tì dúdú. Mo wá àga fún màmá. Mo wá fún bàbá kan pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin. Nígbà tó di àkókò ọrẹ, ẹnì kan sáré ki àpò bọ̀ mí lọ́wọ́, ojú tì mí láti sọ pé èmi kọ́, mo sì gbé e káàkiri ìlà mẹ́ta. Ẹsẹ̀ ń dùn mí débi pé mi ò gbọ́ nǹkan kan nínú ìwàásù.

Kò tán síbẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé mo rẹ gbogbo wọn pa pọ̀ sínú abọ́ kan. Síkẹ́ẹ̀tì dúdú kan ṣí, ṣẹ́ẹ̀tì méjì sì di aláwọ̀ eérú pálapàla. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé ẹ̀yin máa ń rẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ nínú omi iyọ̀. Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà, mo sunkún bí ọmọdé, nítorí aṣọ.

Ìyá Sàídì, tí ẹ jọ jókòó ní ẹ̀gbẹ́ ara yín ní gbogbo ọdún yẹn, ni mo lọ bá níkẹyìn. Òun ló ń lo ìsọ̀ méjèèjì báyìí. Mo mú ṣẹ́ẹ̀tì kan tó kù lọ fi hàn án. Ó yí i sí òdì, ó nà án sí oòrùn.

"Láhìlà! O ò wo abíyá ẹ̀ ni? Òógùn ẹlòmíì ti jẹ ẹ́."

"Mi ò mọ̀ pé ó yẹ kí n wò ó, mà."

"Ìwọ, ọmọ ìyá ẹ! Kí lo tiẹ̀ wá ń ṣe lọ́jà? Àpò tí màmá ẹ dì sílẹ̀ fún ẹ ńkọ́?"

"Àpò wo, mà?"

"Èyí tí wọ́n fi òwú pupa rán ẹnu ẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ṣà á. Tí a bá ti tú bélì aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tìẹ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń wá. Aṣọ méje péré. Kóòtù aláwọ̀ aró kan, síkẹ́ẹ̀tì méjì, búláùsì mẹ́rin. Wọ́n yọ gbogbo bọ́tìnnì wọn, wọ́n fi irú kan náà sí gbogbo ẹ̀, pé kí wọ́n lè jọ ọmọ ìyá. Wọ́n ní lọ́jọ́ tó o bá ríṣẹ́ ọ́fíìsì, o ò ní máa sáré kiri."

Màámi, mo mọ àpò náà. Lábẹ́ ibùsùn yín ló wà. Nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n yín wá pín ìró àti bùbá yín, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án, wọ́n rò pé ọjà tó ṣẹ́kù ni. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Nígbà tí pásítọ̀ ní kí a kó aṣọ wá fún àwọn opó, mo gbé e lọ láì tú u wò. Inú mi tiẹ̀ dùn pé òkìrìkà ti kúrò nínú yàrá.

Ìyá Sàídì bá mi ṣà síkẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ eérú kan àti búláùsì méjì, ó sì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wò ó. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ yìí. Obìnrin kan wà ní ìlà iwájú mi, tíṣà àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni. Ó wọ kóòtù aláwọ̀ aró. Mo rí bọ́tìnnì ọwọ́ rẹ̀, pupa rẹ́súrẹ́sú, oníhò mẹ́rin, irú èyí tó wà nínú agolo mílíìkì yín tí mo fi ṣeré dàgbà. Lẹ́yìn ìsìn mo tẹ̀ lé e jáde, mo ní aṣọ rẹ̀ wù mí.

"Ẹ ṣeun, àǹtí," ó ní. "Ṣọ́ọ̀ṣì ló fún mi lọ́dún tí ọkọ mi kú. Òun ni mo wọ̀ lọ tọrọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe yìí."

Mo fẹ́ sọ pé tèmi ni. Ó ti dé ètè mi. Mo tún rí i pé bọ́tìnnì kan ti já lọ nínú tọwọ́ òsì. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé mo ní irú rẹ̀ nílé. Mo sáré lọ mú un, mo sì rán an mọ́ ọn lára níbẹ̀, lórí bẹ́ńṣì ìta. Ó bi mí ibi tí mo ti rí irú rẹ̀ gan-an. Mo ní ìyá mi ló máa ń kó wọn jọ. Kóòtù náà bá a mu, Màámi, ó bá a mu gan-an, ìyẹn náà sì bí mi nínú. Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé mo ti di èèyàn mímọ́.

Ní báyìí, aṣọ márùn-ún ló wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kì í ṣe méje: mẹ́ta tí Ìyá Sàídì bá mi ṣà, síkẹ́ẹ̀tì dúdú tí kò ṣí, àti ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó kù. Mo ti yọ bọ́tìnnì gbogbo búláùsì náà, mo fi tinú agolo yín sí wọn, ó ku ẹyọ kan kí wọ́n tó. Ti ìsàlẹ̀ pátápátá lára ọ̀kan yàtọ̀, màá kì í sínú síkẹ́ẹ̀tì.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yìí ni mo ń bi yín pé kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi. Ọ̀sán yìí ni mo wá rántí. Ẹ sọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹ ní kí n yà sí ìsọ̀ wá wo nǹkan kan. Mo ní mò ń bọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ní mò ń bọ̀, tí mo gba ẹ̀yìn gáréèjì lọ sílé.

Láàárọ̀ ọ̀la, iwájú ìsọ̀ yín ni màá gbà. Màá dúró níbẹ̀ títí Ìyá Sàídì á fi wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ rí mi kó rí mi. Ẹ má bínú pé mo pẹ́.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ní òun ń bọ̀.