Obìnrin Etí Odò Inú Sinimá Yẹn

Bàbá mi, ẹni ọ̀wọ́n,

Ó ti rẹ̀ mí láti àárọ̀, bẹ́ẹ̀ n kò tíì ṣe iṣẹ́ kankan. Mo ti wọ agbádá, mo ti bọ́ ọ, mo sì tún ti wọ̀ ọ́. Mo jókòó sí pálọ̀ báyìí, mo ń kọ̀wé sí yín, nítorí n kò mọ ẹlòmíràn tí mo lè bi.

Àwọn ọ̀dọ́ kan ló ń ṣe ọdún sinimá ní Mápó. Lẹ́yìn Alásárì òní ni wọn yóò fi sinimá Íńdíà àtijọ́ kan hàn, èyí tí obìnrin kan jókòó sétí odò tó ń sunkún. Ẹ kò lè gbàgbé rẹ̀. Wọ́n ti gbọ́ pé láyé ọjọ́un, ẹnì kan a máa dìde láàárín èrò, a sì máa fi Yorùbá sọ ohun tí àwọn Íńdíà ń wí. Wọ́n wá ẹni tó ṣì mọ̀ ọ́n ṣe, àwọn ará Bẹẹrẹ sì ní kí wọ́n wá ọmọ Télọ̀ lọ, nítorí ẹ̀yin lẹ máa ń túmọ̀ nígbà náà. Èmi ni n óò dìde lónìí, Bàbá. Mo ti gbà kí n tó ronú sí i.

Gbogbo nǹkan ló ń bà mí lẹ́rù. Òjò ṣú. Wọ́n lè mú iná lọ. Ìtọ̀ lè gbọ̀n mí láàárín ìtàn. Orúnkún mi àti òkè Mápó kì í ṣọ̀rẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó gba oorun lójú mi ju ìwọ̀nyẹn lọ.

Rìsì, ọmọ mi obìnrin, bá mi wá sinimá náà sórí fóònù rẹ̀ kí n lè fi rán ara mi létí. Èyí tó rí ní èdè òyìnbó tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ àwòrán. Mo gbé gíláàsì sójú, mo ń kà á díẹ̀díẹ̀. Ìtàn tí ẹ sọ fún wa kọ́ ni mo bá níbẹ̀. Ẹ ní obìnrin etí odò yẹn ni ìyá ọmọkùnrin inú sinimá náà, pé wọ́n jí ọmọ gbé mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́jà, pé níparí wọ́n rí ara wọn, wọ́n sì dì mọ́ra. Òyìnbó ìsàlẹ̀ ní ìránṣẹ́ inú ilé ni. Ìyá ọmọ náà ti kú kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dì mọ́ra yẹn, ó kàn ń dágbére fún un ni. Wọ́n ti lé e níṣẹ́.

Mo mọ̀ pé ẹ kò gbọ́ èdè Íńdíà. Mo ti mọ̀ láti kékeré. Mo kàn rò pé ojú yín ló ń gbọ́ ọ ni. Mo ṣì ń rí yín, ẹ gbé téèpù ìwọnṣọ kọ́rùn, ẹ fọwọ́ kan di ẹ̀yìn àga mú. Ẹ a máa fi orúkọ oníbàárà tó bá yọ yín lẹ́nu lọ́sẹ̀ náà pe ọ̀daràn inú sinimá, gbogbo èrò a sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni mo fi fẹ́ràn sinimá títí di òní.

Ìtàn wo wá ni kí n sọ? Bí mo bá sọ tiyín, àwọn ọmọ yóò yẹ̀ ẹ́ wò lórí fóònù, wọn yóò ní òpùrọ́ ni bàbá mi. Bí mo bá sọ ti òyìnbó, èmi ọmọ yín ni mo pè yín lópùrọ́ ní gbangba Mápó.

Mo gba ọ̀dọ̀ Ìyá Gàní lọ ní Bẹyẹrunka láàárọ̀ yìí, ìyàwó Bàbá Gàní ọ̀rẹ́ yín. Ó ti dàgbà gan-an, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò dàgbà. Mi ò tíì jókòó dáadáa tó fi bẹ̀rẹ̀.

"Ọmọ Télọ̀, o ti tún gbé àníyàn ẹ dé. Jẹun ná."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Irọ́ ni Bàbá mi pa fún wa."

"Ẹ gbọ́ ọ! Ta ló ń wá òótọ́ lọ sí sinimá? Òótọ́ ò kún ilé ẹ tó ni?"

Ó rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, kò wo ojú mi.

"Ìgbà àkọ́kọ́ tí sinimá yẹn wá, o ò sí níbẹ̀. Bàbá ẹ ní ìyá ọmọ yẹn ti kú. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, a sì gbà á. Nígbà tí sinimá náà máa padà wá, a ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ìyá ẹ ni. Bàbá ẹ mú ẹ dání wá, o di ṣòkòtò rẹ̀ mú. Obìnrin yẹn yọ, Télọ̀ ò lè sọ̀rọ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó ní, 'Ìyá rẹ̀ nìyẹn.' Gbogbo wa la mọ̀ pé ó ti yí i padà. Àwọn ọmọ ìta Ọjà'ba tí wọ́n máa ń sọ èèpo ọsàn mọ́ ojú sinimá, kò sẹ́ni tó lanu nínú wọn. Láti ọjọ́ yẹn, ìyá rẹ̀ ni."

N kò lè jẹ oúnjẹ tó gbé síwájú mi.

Bàbá, kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi nígbà tí mo dàgbà? Ṣé ẹ gbàgbé ni, àbí ẹ rò pé n óò bínú? Ṣé ẹ mọ̀ pé mo máa ń yà sétí odò Ògùnpa bí mo bá ti ilé-ìwé bọ̀, tí mo ń wo ojú gbogbo obìnrin tó bá jókòó síbẹ̀? Ẹ a máa nà mí pé mo ń pẹ́ dé. N kò sọ ohun tí mo ń wá fún yín rí. Ẹ̀yin náà kò sọ tiyín fún mi. N kò bínú o. Ó kàn rẹ̀ mí ni.

Rìsì ń pè mí báyìí, kẹ̀kẹ́ Márúwá ti dé ẹnu ọ̀nà. Mo ti pinnu. Ìyá rẹ̀ ni n óò pè é. Bí ọmọ kan bá na fóònù sókè láti já mi nírọ́, n óò bẹ̀ ẹ́ kó mú un sọ̀kalẹ̀. Nígbà ayé yín, odindi ilé sinimá dákẹ́ nítorí ọmọ kékeré kan. Ọmọ náà ti di arúgbó, ó sì fẹ́ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá òun dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Kí Ọlọ́run fi Àlùjánà kẹ́ ẹ̀yin àti ìyá mi.

Èmi ni, ọmọ yín tí kò yéé ṣàníyàn, tí kò sì yéé fẹ́ràn yín.