Orin Tí Mo Fi Dá Estill Lóhùn

Laurel Fork,
Kentucky.
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹwàá, 1952.

Ardith, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà ní Ohio níbẹ̀? Ẹ̀yìn tó ń dun ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ó ti fúyẹ́? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń rìn? Ara tèmi le, àfi pé àwọn ará ibí ò yé wo ikùn mi. Oṣù mẹ́ta péré ni mo ṣe nílé ọkọ! Má fi ọwọ́ ìkọ̀wé mi ṣe yẹ̀yẹ́ o, ìwọ ará ìlú ńlá.

O mọ̀ pé Estill ọkọ mi àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjì máa ń kọrin lórí rédíò lọ́sàn-án Sátidé. Iṣẹ́ tèmi ni kí n lọ ṣẹ́ẹ̀tì wọn, kí n jókòó sí kọ̀rọ̀. Orin tí Estill fi gbayì ni ti obìnrin kan tó kọ ọkọ sílẹ̀, tí ààrò tutù nílé. Ọkùnrin ibí ń sunkún sí i! Mo ń fọṣọ lọ́jọ́ kan, mo rántí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ni mo bá fi ohùn orin náà gan-an fèsì: ta ni kò la igi? Ta ló jókòó ti káàdì títí iná fi kú?

Àṣé ìyá ọkọ mi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. Wọ́n ní, "Ìyàwó, ṣé gbogbo bí o ṣe ń dákẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ lo ń kó jọ?" Àwọn ló fà mí dé ilé rédíò.

Ọ̀gbẹ́ni Tackett tó ń darí ètò ní rárá, pé obìnrin kì í fẹ́ gbọ́ obìnrin lórí rédíò. Ìyá ní, "Tackett, ìwọ tó o jẹ páì mi lọ́jọ́ Àìkú! Èmi kì í ṣe obìnrin ni?" Ó gbà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ardith, ojú tì mí débi pé ògiri ni mo kọjú sí. Wọ́n ní láti gbé makirofóònù tẹ̀ lé mi. Estill tó ń ta gìtá ṣi ọwọ́ nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ inú orin náà.

Ọjọ́ méjì ni inú fi bí i. Ní ọjọ́ kẹta ó gbé àáké, ó la igi títí òkìtì rẹ̀ fi ga dé fèrèsé, kí aládùúgbò má baà rò pé òun ni mò ń bá wí. Bẹ́ẹ̀ kò ta káàdì rí!

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́tà mọ́kànlélógójì dé. Obìnrin ló kọ gbogbo wọn àfi ẹyọ kan: ọkùnrin kan tó ní kí wọ́n pa mí lẹ́nu mọ́, pé ìyàwó òun ti mọ orin náà sórí.

Lánàá ni Tackett wá sílé, ó ṣí fìlà. Ó ní kí n máa wá ní gbogbo Sátidé, kí n dá dúró kọrin tèmi. Mo wo Estill. Ó wá ní, "Máa lọ. Àmọ́ èmi ni màá ta gìtá fún ọ. Mi ò fẹ́ kí ẹlòmíì bà á jẹ́."

Tackett wá bi mí pé, ṣé "ìyàwó Estill" ni kí òun máa pè mí lórí afẹ́fẹ́, àbí kí ni? Látọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní Verlene ni kó máa pè. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì gbá àwọn ìbejì mọ́ra fún mi. Dá mi lóhùn kíákíá o.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí kò gbàgbé rẹ,
Verlene