Bàbá Onírùngbọ̀n Ẹnu Géètì

Ojúlé Kẹrìnlá, Òpópónà Àgbébí,
Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, Sùúrùlérè,
Èkó.
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹta, ọdún 1998.

Mobọ́lá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá ti fúyẹ́? Mo gbọ́ pé òjò ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ yín l'Ábẹ́òkúta. Ní tiwa níbí, ooru fẹ́ pa wá ni. Ara èmi àti Jameelah le, a dúpẹ́. Ti ọkọ mi ni kí o jẹ́ kí n rò fún ọ, torí bí mi ò bá rò ó fún ẹnì kan, orí mi á bẹ́.

Ṣé o rántí géèmù tẹlifíṣọ̀n tí Tàjùdéèn ń gbá nígbà tí o wá kí wa, èyí tí jagunjagun ará Ṣáínà ayé àtijọ́ kan ti ń fi idà ṣá àwọn ọmọ ogun balẹ̀ lọ bẹẹrẹ bí ẹni ń ṣán oko? Wọ́n ti ṣe apá kejì rẹ̀ o! Solomon tó ń yá èèyàn ní síídì géèmù ní òpópónà wa ló gbé e wá. Láti ọjọ́ náà, káfíńtà tó ti pé ọmọ ogójì ọdún, bó bá ti ti ibi iṣẹ́ dé, kò kí èèyàn, kò bọ́ bàtà, ìdí tẹlifíṣọ̀n ló ń gbà lọ. Ọbẹ̀ á tutù sílẹ̀. Mo sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀, ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.

Bó bá jẹ́ ti géèmù nìkan ni, ǹ bá fara mọ́ ọn. Ohun tó ń bí mi nínú ni ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n Bùràímọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Mushin. O mọ̀ pé àwọn ló tọ́ ọ lẹ́yìn tí bàbá wọn kú, àwọn ló sì kọ́ ọ níṣẹ́. Ó di oṣù mẹ́jọ tí wọn ò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀, torí pé Ẹ̀gbọ́n sọ lójú oníbàárà pé ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù tí Tàjù ṣe wọ́. Ilẹ̀kùn náà sì wọ́ lóòótọ́! Ní báyìí, Ẹ̀gbọ́n ń lọ sí Mẹ́kà ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. O mọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: ẹni tó ń lọ Haji á tọrọ àforíjì lọ́wọ́ tẹbí tará, àwọn náà á tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀, kó lè lọ pẹ̀lú ọkàn tó mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ránṣẹ́ pe Tàjù. Àgbàlagbà tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá jà, bí nǹkan bá ṣe wọ́n lọ́hùn-ún ńkọ́? Àyà mi ń já. Tàjù ní òun á lọ, bí òun bá ti kọjá ẹnu géètì.

Géètì wo? Géètì inú géèmù! Bàbá arúgbó kan onírùngbọ̀n funfun ló dúró pẹ̀lú ọ̀pá lẹ́nu géètì ìlú kan níbẹ̀. Bí jagunjagun Tàjù bá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á yọ idà sí i, bàbá á fi ọ̀pá lù ú pa, ó di ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko! Èdè Ṣáínà ni wọ́n kọ sójú tẹlifíṣọ̀n wúruwùru bí ẹsẹ̀ adìẹ, kò sẹ́ni tó lè kà á.

Lánàá, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo ń ká aṣọ lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tí bàbá tún lù ú pa. Ó ti sú mi pátápátá. Mo ní, "Bàbá Jameelah, látọjọ́ tí ẹ ti ń yọ idà sí àgbàlagbà yìí, ṣé ẹ tiẹ̀ kí i rí?" Ó fi mí rẹ́rìn-ín, ó ní kí ni obìnrin mọ̀ nípa ogun. Ṣùgbọ́n nígbà tó tún débẹ̀, mo rí i tó yọ́ bọ́tìnnì ìsàlẹ̀ tẹ̀. Mobọ́lá, jagunjagun kúnlẹ̀! Bàbá gbọ́wọ́ sókè, ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, géètì ṣí gbayawu. Ọkọ mi fò sókè, ó dì mọ́ mi, ó ń pariwo pé òun ti borí.

Èmi bú sẹ́kún ni. Mo ní ẹ wo ẹni tó lè kúnlẹ̀ fún arúgbó inú gíláàsì tí kò mọ orúkọ rẹ̀, tí kò lè dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó tọ́ ọ dàgbà. Ó ní géèmù nìyẹn, kí n yé da ọ̀rọ̀ pọ̀. Bó ṣe wọ balùwẹ̀ báyìí, mo yọ paàdì tó fi ń gbá a, ọ̀kan ṣoṣo tó ní, mo wé e sínú gèlè, ó di Mushin. Mo kúnlẹ̀, mo gbé e lé Ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́, mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń húkọ́. Wọ́n tì í bọ inú báàgì Mẹ́kà wọn, wọ́n ní kí ẹni tó ni í wá gbà á. Bí kò bá wá, paàdì á bá àwọn lọ ṣe Haji.

Mo délé, mo sọ fún un. Há! O ò rí ìbínú. Ó ní òun ò lọ síbì kankan. Láàárọ̀ yìí, kò tíì fọ ẹnu tó fi wọ ẹ̀wù, ó ní òun ń lọ gba ẹrù òun. Agogo mẹ́jọ ló jáde, agogo méjì ọ̀sán ló tó wọlé. Ojú rẹ̀ pọ́n, eruku kún iwájú ẹ̀wù rẹ̀ láti àyà dé orúnkún. Ó ní òun ò tíì dọ̀bálẹ̀ tán tí Ẹ̀gbọ́n fi ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òun. Pé àwọn méjèèjì sunkún. Pé òun lòun máa sìn wọ́n dé pápákọ̀ òfurufú ní Ọjọ́bọ̀.

Mo ní, "Paàdì ńkọ́?"

Ó ní, "Paàdì wo?"

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o kí Màmá dáadáa, kí o sì fọwọ́ pa àwọn ọmọ lórí fún mi. Jameelah ń kí ọ.

Tìrẹ náà ni mo ṣì jẹ́,
Fàósátù.