Ibi Tí Agbára Omi Yín Lọ

Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Mo kúnlẹ̀ ki yín láti Kánádà, nínú òtútù tó ń ta ènìyàn létí. Ìyá mi, ẹ pẹ̀lẹ́ orúnkún o. Bùọ̀dá Jímọ̀, ẹ̀yin ni mo kí jù, torí ẹjọ́ yín ni mo wá rò, ojú gbogbo ayé ni mo sì ti fẹ́ rò ó.

Bàbá, èmi ni mo ṣírò pọ́ǹpù tí yóò gbé omi láti kànga ẹ̀rọ ẹ̀yìn oko wá sílé, kí Ìyá lè sinmi omi rírù. Iṣẹ́ omi ni mo ń ṣe níbí, ẹ sì ń fi mí yangàn káàkiri Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Pọ́ǹpù dé, Bùọ̀dá Jímọ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n yín, tẹ́ páìpù, omi wá ń kán tó, tó. Ẹ ní ọmọ yín ò lè ṣe àṣìṣe, Jímọ̀ ló pààrọ̀ pọ́ǹpù. Ẹ ò dá wọn lóhùn mọ́ bí wọ́n bá kí yín. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, Ọlọ́run má bínú.

Àfi ọjọ́ tí Ìyá pè mí pé páìpù gbé àwọn ṣubú lábẹ́ igi òrí. Mo ní kí ni páìpù ń wá níbẹ̀, nígbà tí igi náà kò sí lójú ọ̀nà kànga? Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ta ni yóò gbẹ́lẹ̀ gba àárín ebè iṣu Bàbá? Etí oko ni Jímọ̀ gbé e gbà yí ká, bí ẹ ṣe pàṣẹ.

Háà! Igba ìṣísẹ̀ tí ẹ kà fún mi láti kànga dé ilé, ọ̀nà tààrà ni. Páìpù yín fẹ́rẹ̀ẹ́ tó irinwó, kọ́nà rẹ̀ lé ní mẹ́wàá. Ṣe ni omi ń ha ara páìpù bó ṣe ń lọ, agbára rẹ̀ sì ń dín kù, bí ẹni tó ru iṣu bọ̀ láti oko: bí ọ̀nà bá gùn, tó tún ń yí, yóò rẹ olúwarẹ̀ kó tó délé. Páìpù tóóró bíi tiyín ló tún burú jù. Mo mọ èyí bí ẹni mowó. Mo kàn gbàgbé pé àgbẹ̀ kì í tẹ ebè ni. Ẹni tí ẹ ní kó fẹ́ yín lójú ló fi ata sẹ́nu. Ojú tì mí, mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì.

Ẹ ṣeun tí ẹ gbọ́ àlàyé mi. Lẹ́yìn tí ẹ wa iṣu tán, Bùọ̀dá Jímọ̀ tún páìpù tẹ́ ní tààrà, wọ́n lo èyí tó fẹ̀. Pọ́ǹpù kan náà ni. Lánàá Ìyá pè mí, wọ́n ń súre lọ, àfi bí wọ́n ṣe dá àdúrà dúró lójijì: wọ́n ní àwọn ń bọ̀, àgbá ti kún, omi ń ṣàn sílẹ̀. Ara tù mí, Bàbá mi. Mo jókòó, mo rẹ́rìn-ín.

Ẹ ó pẹ́ fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ. Ẹ bá mi kí gbogbo agbo ilé. Mo mọ̀ pé àgbà kì í tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ. Ẹ kàn lọ sílé Bùọ̀dá Jímọ̀ láàárọ̀ ọ̀la, kí ẹ̀yin kọ́kọ́ kí wọn.

Èmi ni ọmọ yín tó ṣi ìṣirò,
Àdùkẹ́.