Ọ̀rọ̀ Méjì Lókè Òkúta Bàbá

Ọjọ́ Àìkú, 8 Oṣù Kẹta, 1998
Lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn ará China tó ni itẹ́ òkú orí òkè. Wọ́n ti ta ilẹ̀ náà. Kí ẹbí kọ̀ọ̀kan wá kó eegun òkú rẹ̀, ó pẹ́ tán, ogúnjọ́ oṣù yìí. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, wọn yóò sun ún pọ̀. Bàbá mi wà níbẹ̀ láti ọdún 1961. Mi ò gun òkè náà mọ́ láti ọjọ́ tí a sin ín. Orúnkún ni mo máa ń dá lẹ́bi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10
Daruni ọmọ mi wá—Ọ̀gá Àgbà, bí mo ṣe ń pè é nínú ìwé yìí, nítorí bó ṣe ń pàṣẹ oògùn lé mi lórí. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, òun àti Prasong ọkọ òun yóò lọ. Mo fẹ́ sọ ohun kan fún un nípa bàbá mi. Oògùn ni mo gbé mì.

Ọjọ́ Ẹtì, 13
Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. 1959. Wọ́n fẹ́ fi mí ṣe olórí ilé ẹ̀kọ́, alábẹ̀wò ìjọba ń bọ̀ wá jẹun nílé wa. Tang ni à ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ìjọba ò fẹ́ ará China nípò bẹ́ẹ̀, mo ti pa á dà sí orúkọ Thai gígùn kan tí ẹnu bàbá mi kò lè pè. Mo bá Daruni lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ ọdún méje, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì bàbá mi kọ lẹ́tà àwọn ará China. Mo fi rúlà nà án lọ́wọ́ títí rúlà fi kán. Bàbá mi ń wò wá. Mo ní, "Ará Thai la jẹ́ nílé yìí. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọmọ ní ti China, kó padà sí China." Ó fọ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó gbé e pamọ́. Ọdún méjì ló lò sí i. Kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan mọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 15
Wọ́n ti dé. Oòrùn ti pa wọ́n, inú wọn dùn. Wọ́n gbé pẹ́pẹ́yẹ bíbọ̀ àti ọsàn lọ síbi ibojì fún bàbá mi, wọ́n hú eegun, wọ́n sun ún ní tẹ́ńpìlì, wọ́n da eérú sókun.
Prasong ní, "Bàbá àgbà wa sígbọnlẹ̀ o! Eegun itan rẹ̀ gùn ju tèmi lọ."
Bàbá mi kò ga tó èjìká mi.
Mo bi Ọ̀gá Àgbà pé báwo ló ṣe mọ ibojì náà. Ó mú fọ́tò ọjọ́ ìsìnkú jáde. "Ẹ wò ó, Bàbá, orúkọ wa gàdàgbà lókè òkúta." Ìyókù ti ṣá nínú fọ́tò.
Ọ̀rọ̀ méjì ni, ní lẹ́tà China tí òun kò lè kà. Kityang. Orúkọ ìlú tí bàbá mi ti wá ni, kì í ṣe orúkọ wa. Ìdajì àwọn tó sùn lórí òkè yẹn ló ti ibẹ̀ wá, ọ̀rọ̀ méjì kan náà ló wà lókè òkúta wọn.

Ọjọ́ Ajé, 16
Mi ò tíì sọ fún un.

Ọjọ́bọ̀, 19
Mo sọ. Ó tún mú fọ́tò náà wò. Lẹ́yìn náà: "Kí ló dé tí ẹ ò kọ orúkọ Bàbá àgbà fún mi kí n tó lọ?" Mo ní kò bi mí. Ó rẹ́rìn-ín. "Èmi? Kí n bi yín? Ṣé kí ẹ tún lè nà mí lọ́wọ́ ni?" Ó ní òun á gbé mi lọ lọ́la.
Òkú ta ni a dà sókun? Ọmọ ta ló ń wá a kiri?

Ọjọ́ Ẹtì, 20
Wọ́n fi àga gbé mi gòkè. Katapílà ti wà nísàlẹ̀. Èmi fúnra mi ka ohun tó wà lára àwọn òkúta náà lọ́kọ̀ọ̀kan, títí mo fi rí ti bàbá mi. Wọn ò tíì hú u. Orúkọ rẹ̀ wà láàárín. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, orúkọ ọmọ tó sin ín—èmi, orúkọ tí òun sọ mí.
Akọ̀wé ẹgbẹ́, ọkùnrin ẹni bí ogójì ọdún, ṣí ìwé rẹ̀. Ó ní ẹbí wa ti kó tiwa lọ, a ti buwọ́ lù ú. Daruni ní àṣìṣe ni. Akọ̀wé fèsì: "Àǹtí, ohun tí gbogbo ènìyàn ń sọ lónìí nìyẹn. Kí Bàbá mú káàdì ìdánimọ̀ wá."
Orúkọ Thai gígùn yẹn ló wà lára káàdì. Mo tọ́ka sí orúkọ mi lára òkúta. Ó ní kí n kọ ọ́. Mo kọ ọ́ dáadáa, ní lẹ́tà China. Ó wo ìwé, ó wo òkúta, ó tún wo ìwé.
"Ẹ má bínú, Bàbá. China ni àwọn bàbá tèmi náà ti wá. Bákan náà ni gbogbo lẹ́tà yìí rí lójú mi."
Ó pa ìwé rẹ̀ dé. Ní aago mẹ́rin, wọ́n kó eegun bàbá mi mọ́ àwọn yòókù tí wọn yóò sun pọ̀.