Igi Tí Ikán Kò Jẹ

                                        Ẹ̀gbẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Kẹfà,
                                        Wọ́ọ̀dù Àwọn Obìnrin,
                                        Ilé-Ìwòsàn Ńlá.
                                        Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹfà.

Àbúrò mi tí mo fẹ́ràn bí ojú mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara ọkọ rẹ le níbi iṣẹ́ tó lọ? Ẹsẹ̀ rẹ tó wú lẹ́yìn ìbímọ ńkọ́, ṣé ó ti ń lọ sílẹ̀? Ìyá onílé yín ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń bá gbogbo ayé jà nítorí omi kànga? Mo mọ̀ pé o ti ń rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ kí o rẹ́rìn-ín díẹ̀ ná.

Ibi tí mò ń bọ̀ gan-an nìyí. Níbo ni ọmọ wà bí o ṣe ń ka ìwé yìí? Bó bá jẹ́ orí bẹ́ẹ̀dì kékeré tí mo fi ránṣẹ́ ló wà, fi ìwé yìí sílẹ̀, gbé e kúrò níbẹ̀, gbé e jáde síta síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kí o tó padà wá ka ìyókù. Má wò ó pé ó ń sùn. Gbé e. Mo mọ̀ pé o máa ń sọ pé àṣẹ mi ti pọ̀ jù fún ẹ̀gbọ́n tó fi ọdún mẹ́ta péré jù ọ́ lọ. Jọ̀ọ́, gba àṣẹ lọ́wọ́ mi lónìí.

Ṣé o ti gbé e? Ó dáa. Jókòó síta níbẹ̀, kí o sì gbé e lé ẹsẹ̀ bí o ṣe ń kà á.

O ti rí i pé àdírẹ́sì òkè yẹn kì í ṣe ti ilé mi. Ẹ̀gbẹ́ Màmá ni mo wà, orí itan mi ni mo ti ń kọ ọ́. Màmá wà láàyè. Mo tètè sọ ìyẹn kí àyà rẹ má baà já ju bó ṣe yẹ lọ. Láti àná ni mo ti ń pè ọ́ tí fóònù rẹ kò lọ, ti ọkọ rẹ náà kò lọ. Wọ́n ní ìjì ọ̀sẹ̀ tó kọjá ti wó òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì lápá ọ̀dọ̀ yín. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ lẹ́tà bí ará ayé àtijọ́, tí mo sì ń fi í rán dírẹ́bà tó gbé bẹ́ẹ̀dì náà wá fún ọ. Agogo mẹ́wàá ni yóò gbéra, oòrùn ò ní tíì wọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Èmi ni ǹ bá tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ fi Màmá sílẹ̀ fún? Ọkọ mi fúnra rẹ̀ wà ní wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin, ó ń bì láti àná.

O rántí pálọ̀ mi. Ìwọ lo máa ń pè é ní yàrá ìdúródè dókítà: ògiri funfun, àga onírọ́bà mẹ́rin, kàlẹ́ńdà kan. Inú máa ń bí mi, ṣùgbọ́n òótọ́ lo ń sọ. Nígbà tí Màmá wá kó wá sọ́dọ̀ mi, tí mò ń rí wọn níbi tí wọ́n ká ara wọn jọ sí lórí àga onírọ́bà láti òwúrọ̀, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí. Àsìkò yẹn ni oníbàárà mi kan, tíṣà kan tó ń rán aṣọ bí ẹni ń ra búrẹ́dì, gbàgbé ìwé aláwòrán kan sí ṣọ́ọ̀bù. Mo ṣí i, mo rí yàrá ìgbàlejò kan tí mi ò lè gbójú kúrò lára rẹ̀. Pákó tí wọn kò kùn lọ́dà, ẹní lórí ẹní, tìmùtìmù oríṣiríṣi tí ọ̀kan kò bá èkejì mu, agbọ̀n tí wọ́n sọ di àtùpà, òdòdó inú ìkòkò tí wọ́n fi okùn so rọ̀ láti òkè àjà. Ó rí bí ilé àgbẹ̀ tí arìnrìn-àjò kan wá sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ sí, tí kò sì fẹ́ lọ mọ́. Ọkọ mi wò ó, ó ní ilé ẹni tí kò tíì to ẹrù rẹ̀ tán ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe lásán lẹ ń pè mí ní Abẹ́rẹ́. Ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ bá gbà lọ ni okùn ń tọ̀, ọkọ mi náà sì tọ̀ ọ́.

Mo ké sí káfíńtà ìsàlẹ̀ òpópónà wa. Inú rẹ̀ dùn, ó ní orí mi ló bá mi ṣe é, nítorí wọ́n ń wó sítọ́ọ̀ ńlá kan lẹ́yìn ojú irin, sítọ́ọ̀ tó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí wa. Pákó ilẹ̀ rẹ̀ ti rí bí eérú, ó wúwo, ó le. Àmọ́ ó ní òun kò ní kan án fún mi láìdán an wò. Bí ọ̀gá tó kọ́ òun níṣẹ́ ṣe ń dán igi àlòkù wò ni òun náà ṣe máa ń ṣe: á gé díẹ̀ nínú rẹ̀, á gbé e lé orí ilé ikán tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún ọjọ́ méje. Èyí tí ikán bá jẹ, ó di igi ìdáná. Èyí tí ikán bá fi sílẹ̀, ó di àga. Ní ọjọ́ kẹjọ ó gbé pákó náà wá bá mi nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹnu rẹ̀ kò padé fún ẹ̀rín. Ikán kò fi eyín kàn án. Mo ní kó gbé gbogbo rẹ̀ wá.

Ó fi bo ògiri kan láti òkè dé ilẹ̀. Ó fi kan pẹpẹ, ó fi kan tábìlì kúkúrú, ó fi kan àga gígùn kan fún Màmá lábẹ́ fèrèsé. Ó ní ká kùn ún ní fáníìṣì, mo kọ̀. Mo ní bá a bá kùn ún, ó di pákó ọ́fíìsì, bó ṣe wà yẹn gan-an ni mo ṣe fẹ́ ẹ. Òórùn kékeré kan ń jáde lára rẹ̀, bíi ti aáyù tó ti pẹ́ nínú omi. Mo ní òórùn ilé àtijọ́ ni. Mo so èèpo ọsàn gbígbẹ mọ́ abẹ́ àtùpà, mo sì gbàgbé rẹ̀.

Ká sòótọ́, yàrá náà dára. Gbogbo àjákù aṣọ tó ti ń sùn lábẹ́ tábìlì mi láti ọdún yìí wá ni mo fi rán tìmùtìmù mọ́kànlá. Ìkòkò òdòdó mẹ́fà rọ̀ láti òkè, ẹní mẹ́ta gorí ara wọn nílẹ̀. Òjò sì ti bẹ̀rẹ̀, a máa ń ti fèrèsé kí òtútù má baà mú Màmá, inú yàrá á wá móoru bí abẹ́ ìyẹ́ adìyẹ. Ẹni tó bá wọlé tó jókòó, kó tó kí wa tán, ó ti ń sùn. Ọkọ mi á dé láti ibi iṣẹ́, á ní kí òun bọ́ bàtà, bàtà kan ni yóò bọ́. Màmá tí wọn kò tíì sun oorun wákàtí mẹ́ta pọ̀ láti ìgbà tí Bàbá ti lọ, wọ́n ń sùn lọ́sàn-án, wọ́n ń sùn nírọ̀lẹ́. Ẹ̀rín ni mo fi ń wò wọ́n. Mò ń fi í yangàn ní ṣọ́ọ̀bù, mo ní ẹ wá wo yàrá tí oorun ń gbé.

Àsìkò yẹn ni o ránṣẹ́ pé ọmọ ń ké tọ̀sán-tòru, pé o fẹ́ ya wèrè. Mo ronú sí i. Mo ní bí igi yìí bá lè ṣe èyí fún Màmá, kí ló dé tí n kò ní bu díẹ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò mi? Pákó tó kù ni káfíńtà fi kan bẹ́ẹ̀dì náà. Èmi fúnra mi ni mo fi sáńpépà ha á, ọjọ́ méjì gbáko, kí ẹ̀gún igi má baà gún ọmọ lọ́wọ́. Orí fọ́ mi fún ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní iṣẹ́ ló pọ̀. Ìfẹ́ ni mo fi ha igi yẹn, àbúrò mi, jọ̀ọ́, máa rántí ìyẹn.

Òdòdó tó sún mọ́ ògiri ló kọ́kọ́ rọ. Mo bomi sí i. Ìkejì rọ, mo tún bomi sí i. Lọ́jọ́ kan ṣúgà dà sórí tábìlì kúkúrú yẹn, ó wà níbẹ̀ mọ́jú, èèrà kan kò wá. Ìwọ ti rí ilé tí èèrà kì í ti í jẹ ṣúgà rí? Èmi rí i, mo sì dúpẹ́. Àwọn ọmọńlé tó máa ń sáré lára ògiri, ìgbà tí mo wá wá wọn, mi ò rí ẹyọ kan. Ológbò Màmá tó ń sùn lábẹ́ àga gígùn yẹn sùn lọ́jọ́ Ajé kan, kò jí mọ́. Ó ti dàgbà, a sin ín sẹ́yìnkùlé, a ò bi ara wa ní ohunkóhun. Lẹ́yìn ìyẹn ni itọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dà lẹ́nu Màmá bí wọ́n bá ń sùn. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n nídìí ife. Wọ́n ń fi orúkọ rẹ pè mí. Mo ní ọjọ́ orí ni. Ohun tí ojú mi rí kò tó ohun tí mo fi ẹnu ara mi bò mọ́lẹ̀.

Láàárọ̀ àná, bàbá àgbàlagbà kan mú ṣòkòtò wá kí n bá wọn gé ẹsẹ̀ rẹ̀. Òjò dé, mo ní kí wọ́n wọlé wá jókòó. Ẹnu ọ̀nà ni bàbá náà dúró sí, wọ́n ń wo ògiri mi. Àmì kan wà lára pákó yẹn, òbìrìkìtì tí wọ́n fi irin gbígbóná jó sí i, ìlà méjì dábùú ara wọn nínú rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé èmi ni mo ní kí káfíńtà kọjú rẹ̀ síta. Wọ́n bi mí níbi tí mo ti rí igi náà, mo sọ ọ́. Bàbá náà ní àwọn mọ àmì yẹn, ọdún mọ́kàndínlógún ni àwọn fi ṣọ́ sítọ́ọ̀ yẹn. Oògùn apakòkòrò ló máa ń wà níbẹ̀, inú àgbá ni wọ́n ń kó o sí, àgbá náà sì ń jò sórí pákó kí àwọn tó débẹ̀, ó ń jò títí àwọn fi kúrò.

"Ọmọ mi," bàbá náà ní, "a kì í fi ẹsẹ̀ lásán tẹ igi yẹn. Ta ló ń sùn níbẹ̀ yẹn?"

Mo wo ibi tí wọ́n nawọ́ sí. Màmá ni. Mo pè wọ́n, wọn ò dáhùn. Mo gbọ̀n wọ́n jìgìjìgì, ọrùn wọn kàn ń tẹ̀ lé ọwọ́ mi ni. Èmi àti bàbá náà la jọ gbé wọn sínú òjò.

Dókítà ní tó bá ṣe ọ̀sẹ̀ kan sí i ni, ìtàn mìíràn là bá máa sọ. Omi ń wọ ara wọn. Láàárọ̀ yìí wọ́n la ojú, wọ́n ní ológbò àwọn dà.

Káfíńtà wá. Ó dúró ní ìparí bẹ́ẹ̀dì, fìlà rẹ̀ lọ́wọ́, kò lè wo ojú mi. "Mo rí òkú ikán yí i ká," ó ní. "Mo gbá wọn dànù. Mo rò pé igi ló le ju eyín wọn lọ." Mo wá ìbínú tí mo fẹ́ fi bá a jà, mi ò rí i. Ikán sọ òótọ́ fún un, òun àti èmi la jọ kà á sódì.

Gbọ́ ohun tí wàá ṣe. Má dáná sun bẹ́ẹ̀dì náà, èéfín rẹ̀ burú ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Wé ọ̀rá mọ́ ọwọ́, kí dírẹ́bà bá ọ gbé e jìnnà sí kànga àti sí ibi tí ọmọ ẹlòmíràn ti ń ṣeré. Ibùsùn tó wà lórí rẹ̀ àti aṣọ tí ọmọ fi sùn, jẹ́ kí wọ́n bá a lọ. Fi ọṣẹ àti omi wẹ ọmọ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, kí o wẹ ara rẹ náà. Lẹ́yìn náà, wọ mọ́tò, ẹ lọ sí ilé-ìwòsàn. Sọ fún wọn pé oògùn apakòkòrò ni. Má gbà kí wọ́n fún yín ní oògùn ibà kí wọ́n ní kẹ́ ẹ máa lọ sílé.

Bá mi kí ìyá onílé yín. Bí ọkọ rẹ bá dé, sọ fún un pé èmi ni kó bínú sí, kì í ṣe ìwọ.

Ó ku ohun kan tí mo ti ń sá fún láti òkè ìwé yìí. Káàdì kékeré tí o fi rán dírẹ́bà sí mi lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn wà lọ́wọ́ mi. Mo ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pálọ̀ láàárín àwọn òdòdó. Òun nìkan ni mo yọ lára ògiri yẹn wá síbí. O kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun. Láti ọjọ́ tó ti gun bẹ́ẹ̀dì yín, ó ń sùn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Kì í sunkún mọ́." Mo kà á fún gbogbo ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀bù mi nígbà yẹn. Láti àná, mo ti kà á títí mi ò mọ iye ìgbà.

Mo ti sọ fún dírẹ́bà pé kó dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ títí yóò fi fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ohùn ọmọ náà. Bó bá ń ké, àbúrò mi, má rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Jẹ́ kó ké dáadáa, kí ọkùnrin yẹn lè gbọ́ ọ, kó wá sọ fún mi.

                                        Èmi ni, ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń retí ẹkún yẹn,
                                        Abẹ́rẹ́.