Ẹ̀bẹ̀ Pé Kí Ẹ Má Ṣe Dá Mi Láre Lórí Àwòrán Àyà Télọ̀

Yàrá Ẹ̀kísíréè Kejì,
Ilé Ìwòsàn Ìjọba.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kejì.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Tó Ń Rí sí Ẹ̀rọ Àyẹ̀wò àti Ààbò Ìtànṣán,
Ilé Iṣẹ́ Ètò Ìlera.

Ẹ̀yin Ọ̀gá mi,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ TÚN ÌDÁJỌ́ YÍN LÓRÍ IKÚ TÉLỌ̀ YẸ̀ WÒ

1. Èmi ni mo ya àwòrán àyà télọ̀ tó ń rán aṣọ iṣẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì wa, ẹni tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí géètì ilé ìwòsàn. Ọdún méjìlélógún ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ìyá Ẹ̀kísíréè ni tọmọdé tàgbà ń pè mí. Ìwé yín ti oṣù tó kọjá ní mi ò jẹ̀bi. Mo ń kọ̀wé láti sọ pé mo jẹ̀bi.

2. Èmi àti ẹ̀rọ ẹ̀kísíréè tuntun tí ẹ gbé fún wa kò jà. Láti ìgbà tó ti dé, ìtànṣán tó ń wọ ara aláìsàn kò ju ìdá kan nínú mẹ́ta ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ọgbọ́n àtọwọ́dá inú rẹ̀ a máa ka àwòrán kí n tó ṣẹ́jú, ó sì ti bá wa rí àìsàn tí ojú wa ì bá fò. Òfin yín náà dára: a kò gbọdọ̀ ya àwòrán kejì àfi bí ẹ̀rọ bá béèrè, tàbí bí ayàwòrán bá kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ tó sì buwọ́ lù ú.

3. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ní oṣù kẹta ọdún tó kọjá, télọ̀ wọlé pẹ̀lú ikọ́ ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta. Ó bá mi ṣẹ̀fẹ̀ pé ẹ̀rọ tòun kò mọ̀ ju kó gún nǹkan lọ, tèmi ló mọ inú. Nígbà tí àwòrán jáde, mo rí òjìji kan lábẹ́ egungun òkè àyà, kò tóbi ju bọ́tìnì ẹ̀wù ọmọ ọwọ́ lọ. Ẹ̀rọ kọ ọ́ pé, “Kò sí nǹkan.”

4. Mo mú bírò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ ìdí fún àwòrán kejì lóṣù náà tí a kò rí nǹkan kan, tí àwọn ọ̀dọ́ ẹ̀ka wa sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mò ń bá kọ̀ǹpútà du ipò. Èèyàn mọ́kàndínlógún sì wà lórí bẹ́ǹṣì. Mo dá bírò padà sápò. Mo ní kó máa lọ sídìí iṣẹ́ rẹ̀, pé ara rẹ̀ le. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì.

5. Oṣù kẹwàá ni wọ́n gbé e padà wá. Kò lè dá bọ́ ẹ̀wù ọrùn rẹ̀ mọ́. Ohun tó dà bíi bọ́tìnì ti di ìkúùkù. Kò lò tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí i.

6. Ìwé yín sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ẹ̀rọ ló ṣi àwòrán kà, pé wọ́n ti tún un ṣe. Ó mú ìwé náà wá bá mi, ó jókòó síbi tí àwọn aláìsàn ti ń bọ́ aṣọ. Ó ní, “Ẹ̀rọ ò ṣeé bínú sí, kò sì ṣeé dárí jì. Ìyá, ṣé kò sí ojú èèyàn kankan níbẹ̀ ni?” Mo dá a lóhùn pé àwọn èèyàn ń dúró dè mí níta. Ó dìde, ó kí mi kú iṣẹ́, ó lọ.

7. Odidi ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń ya àwòrán bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún mo lọ sílé rẹ̀. Mo bá a níbi tó ti ń ká aṣọ àwọn oníbàárà tí wọn ò tíì wá gbà. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Kò lé mi, kò sì sunkún. Ó ká ẹ̀wù mẹ́ta sí i kó tó fọhùn: “Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.”

8. Nítorí náà mo bẹ̀ yín, ẹ yọ gbólóhùn tó dá mi láre kúrò nínú ìwé yín, kí ẹ fi ohun tí mo ṣe sí ipò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ayàwòrán máa kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sílẹ̀ kí ẹ̀rọ tó sọ tirẹ̀. Bí ẹ bá ní kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀, n ó fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé tuntun náà, ẹ má fi ránṣẹ́ sí obìnrin náà. Ẹ fún mi, kí n fi ọwọ́ ara mi gbé e lọ.

Ẹ ṣeun tí ẹ fi sùúrù kà á dópin.

Èmi ni tiyín, tí ọkàn rẹ̀ kò tíì balẹ̀,

(Ìbuwọ́lùwé)
Ayàwòrán Àgbà,
Yàrá Ẹ̀kísíréè Kejì.